Ọjà Tí Mo Gbàdúrà Pé Kí Ẹni Tó Rà Á Má Lò Ó

Mo ti ta ọjà kan rí tí mo máa ń gbàdúrà pé kí ẹni tó rà á má lò ó.

Bí ẹ bá bi mí nígbà náà, mi ò ní sọ ọ́ báyìí. Màá ní ààyè orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń tà, kí àwọn èèyàn lè rí ibi gbé sáìtì wọn sí. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n lójú ìwé tí a ti ń polówó, lábẹ́ orúkọ ètò tó ń tà jù, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ gàdàgbà: UNLIMITED. Ààyè díìsìkì, kò lópin. Dátà tó ń wọlé tó ń jáde, kò lópin. Àpótí ìmeèlì, iye tó bá wù yín. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Èmi yìí kan náà ni mo sì mọ̀ pé sáfà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ìlérí yẹn, pé díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì, àti pé gbogbo ààyè tó ṣeé lò níbẹ̀ kò ju 2 TB lọ, ìyẹn 2,000 GB. Sáfà ọ̀hún gan-an kì í ṣe tiwa, ńṣe la ń san owó lóṣooṣù fún ẹni tó ni ín.

Àwa méjì la dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 2014. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà la kọ: 5 GB, 10 GB, 20 GB. Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á kọjá lọ. Àwọn tó ń bá wa du oníbàárà ń pariwo àìlópin ní iye kan náà, nígbà míì ní iye tó kéré sí tiwa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Ta ló máa ra mẹ́wàá níbi tí wọ́n ti ń ta àìlóǹkà?" Mi ò rí èsì fọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà la pa àwọn nọ́ńbà yẹn rẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. A ò fi ohunkóhun kún sáfà, ọ̀rọ̀ nìkan la yí padà, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí, torí kì í ṣe jìbìtì lásán. Sáìtì ilé iṣẹ́ kékeré kan, ojú ìwé márùn-ún, àwòrán mélòó kan, fọ́ọ̀mù tí èèyàn á fi kàn sí wọn: kì í sábà tó 1 GB. Àwọn míì á ra ètò, wọ́n á ra orúkọ sáìtì, wọn ò sì ní gbé nǹkan kan sórí rẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Irú wọn ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ èyí lè ta ju ohun tó ní lọ, kó má sì sí ẹni tó máa mọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ń ṣe é, wọ́n ń ta àyè ju iye ìjókòó lọ torí wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ò ní yọjú. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù náà ń ṣe é, torí gbogbo ìlú kì í pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, títí dòní.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni nọ́ńbà. Bí mo bá ta 10 GB fún 300 èèyàn, 3 TB ni mo jẹ ní gbèsè. Ó ju ohun tí mo ní lọ, àmọ́ mo mọ iye tó jẹ́. Mo lè sùn kí n jí, kí n ṣírò ìgbà tí màá ra díìsìkì míì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ta àìlópin fún ẹyọ ẹnì kan, gbèsè tí mo jẹ ò ní iye. Kò sí díìsìkì tí mo lè rà tó máa san án.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí máa ń fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ "unmetered" dípò "unlimited". Mo gbà pé ìyẹn sàn díẹ̀. "A kì í wọ̀n ọ́n" yàtọ̀ sí "kò lópin". Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí ń gbé 100 Mbps, tó bá kún dẹ́nu tọ̀sán-tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, ohun tó lè gbé ò ju nǹkan bíi 32 TB lọ. Wáyà fúnra rẹ̀ ni òpin. Ẹni tó ní òun ò ní kà á kò purọ́. Ẹni tó ní kò sí òpin níbẹ̀, wáyà náà ló máa já irọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 2016, ẹnì kan kọ ìmeèlì sí wa kó tó rajà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwòrán ẹyẹ ló sì fi ń gbádùn ara rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ààyè yín ò lópin? Àwòrán mi pọ̀ o." Èmi ni mo dá a lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni mà, kò lópin. Ẹ má mikàn rárá." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ la wá ń pè é láàárín ara wa. Àwòrán tó ń gbé sókè kì í ṣe àwọn tí wọ́n ti fún pọ̀. Bí wọ́n ṣe jáde láti inú kámẹ́rà ló ń gbé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 25 MB, torí ó fẹ́ kí ẹni tó bá ń wo ìyẹ́ ẹyẹ lè sún mọ́ ọn dáadáa. Kò ta nǹkan kan, kò fi iṣẹ́kíṣẹ́ rán sáfà, kò fi ìmeèlì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ló kàn ń gbé ẹyẹ wá. Láàárín ọdún kan, ó ti lé ní 7,000 àwòrán, àkáǹtì rẹ̀ nìkan sì ti ń lọ sí 200 GB. Ìdá mẹ́wàá gbogbo ohun tí a ní, lọ́wọ́ oníbàárà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ta irú ọjà yìí rí lè má mọ ohun tó máa ń ṣe ọkàn èèyàn nírú àsìkò yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i. Obìnrin tó san owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, tó máa ń kí wa kó tó béèrè ohunkóhun! Mo lọ ṣí ìwé àdéhùn tí a gbé sórí sáìtì wa, mò ń wá gbólóhùn tí màá fi lé e. Mo sì rí i: a kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ àkáǹtì di ibi ìkẹ́rùsí, ohun tó bá kọjá "lílo tó wọ́pọ̀" la lè gbégi dínà rẹ̀. Mi ò rántí pé mo kọ ọ́. Ibòmíì ni mo ti gbé gbogbo àdéhùn náà, mi ò tiẹ̀ kà á tán kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ sáìtì wa. Ta ló mọ ohun tó ń jẹ́ lílo tó wọ́pọ̀? Èmi ni. Ìgbà tó bá wù mí ni mo sì lè mọ̀ ọ́n.

Mo kọ lẹ́tà náà. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní, "Kí ni obìnrin yìí ṣe tí kì í ṣe ohun tí a ní kó ṣe?" A ò fi ránṣẹ́. Mo rò nígbà náà pé a ti hùwà ọmọlúàbí.

Àìlópin ní ìwà kan tí mi ò tètè rí: ẹni tí kò lè jẹ́ èrè fún ẹ gan-an ló máa ń pè wá. Ẹni tó ní sáìtì olójú ìwé márùn-ún, ibikíbi ló lè gbé e sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ "kò lópin" máa ń mú dìde ni ẹni tí gbogbo òpin ti dí lọ́nà rí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi ju tiwa lọ fíìfíì ti bọ́ sínú kòtò yìí. Lóṣù kẹwàá ọdún 2014, Microsoft kéde pé ààyè OneDrive, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò ní lópin mọ́ fún àwọn tó ń san owó Office 365. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2015, wọ́n ti yí ohùn padà, wọ́n dá a padà sí 1 TB. Wọ́n ní àwọn kan wà tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kó ohun tó lé ní 75 TB síbẹ̀. Mo ka ìkéde yẹn nígbà tó jáde, mo sì rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá ń gbé mi nínú nísinsìnyí ni bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bíi pé àwọn yẹn jalè. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lo ohun tí wọ́n rà. Amazon náà ta ààyè àìlópin fún gbogbo irú fáìlì lọ́dún 2015, ó kó o kúrò nílẹ̀ lọ́dún 2017. Dropbox, tóun náà ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì, fòpin sí tiẹ̀ lọ́dún 2023, ó ní àwọn kan ń fi ààyè náà wa owó kírípítò, àwọn míì sì ń tún un tà.

Kódà kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lóṣù Kejìlá ọdún 1996, AOL, ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ti ń gba owó ní wákàtí wákàtí wá sọ pé $19.95 lóṣù ni, kí èèyàn lo iye wákàtí tó bá fẹ́. Àwọn èèyàn wọlé, wọn ò jáde mọ́. Ẹni tó bá pè lẹ́yìn wọn, ohùn pé wáyà ti dí ló máa ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, AOL sì ní láti dá owó padà fún àwọn oníbàárà lọ́dún 1997. AT&T, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù níbẹ̀, ní tiẹ̀ ò ti ìlẹ̀kùn, ńṣe ló ń fa ẹsẹ̀ oníbàárà sẹ́yìn: ó ta dátà àìlópin, ó wá ń dín ìyára rẹ̀ kù fún ẹni tó bá lò ó kọjá iye kan lóṣù. Àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2014, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí $60 mílíọ̀nù lọ́dún 2019. A ò ní irú owó yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yẹn, àwa náà ń ṣe é.

Torí pé nọ́ńbà tí a pa rẹ́ lójú ìpolówó, kò parẹ́. A kàn gbé e lọ síbi tí oníbàárà ò ní wò ni. Láti ọdún 2010 ni ètò kan tó ń jẹ́ CloudLinux ti wà fún àwa tó ń ta ààyè orí sáfà, ó máa ń há àkáǹtì kọ̀ọ̀kan mọ́ inú àgò tirẹ̀: iye CPU tó lè lò, ìyẹn agbára ìṣirò, iye RAM, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń gbé, iye iṣẹ́ tó lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dára ni, torí láìsí i, sáìtì kan ṣoṣo lè dá gbogbo àwọn tó kù dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún pé kò lópin, ó ń gbé inú àgò olójú kéékèèké. Iye fáìlì náà ní òpin tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní inode. 250,000 la fi tiwa sí. Ẹ lè rò pé ó pọ̀, kí ẹ tó rántí pé ìmeèlì kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan ni, pé àwòrán kan tí ẹ gbé sórí WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe sáìtì, á bí ọmọ bíi mẹ́fà sí i ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Èèyàn lè lo 15 GB péré kí inode rẹ̀ ti tán, kí ó sì máa bi ọ́ pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò lópin?"

Ọjọ́ tí àgò yẹn máa ń hàn ló burú jù. Sáìtì kan á wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, èèyàn mẹ́wàá lójúmọ́, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí aráyé ń tẹ̀ lé á pín líǹkì rẹ̀. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn á ya dé láàárín wákàtí kan, ohun tí wọ́n á sì bá níbẹ̀ ni ojú ìwé funfun tí wọ́n kọ 508 sí, Resource Limit Is Reached. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìlérí wa wúlò fún ẹni náà, ọjọ́ yẹn gan-an la tì í mọ́ta. Mo ti gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà ò pariwo rárá, ó kàn ń béèrè pé kí ni òun lè ṣe kó ṣí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kó sún sí ètò tó ga ju ìyẹn lọ. Ètò tó ga ju àìlópin lọ! Mo sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́yẹ.

Alaalẹ́ la máa ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ohun tí gbogbo wa ń pè ní backup, lọ sórí kọ̀ǹpútà míì níbòmíì. Tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti parí. Nígbà tí àwọn ẹyẹ ń pọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ títí di ọ̀sán, sáfà á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, àwọn oníbàárà á máa ráhùn. Mo ṣí ìwé àṣẹ tó ń darí rẹ̀, mo fi ìlà kan ṣoṣo kún un: àkáǹtì tó bá ju 20 GB lọ, fò ó. Mi ò sọ fún un. Mo tiẹ̀ rò pé àdéhùn wa ti dáàbò bò wá, torí ó wà níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ backup wà lọ́wọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀. Ìlà yẹn wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ wo àdéhùn tiyín.

Lọ́dún 2018, díìsìkì kan kú. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn, díìsìkì máa ń kú, ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì nìyẹn. A fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo nǹkan kọ láti ara èkejì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà la gbé àwọn méjèèjì sẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe, wọ́n sì jọ gbó ni. Ìgbà tí àdàkọ náà dé ìdajì ni èyí tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, a ò rí ibi púpọ̀ kà mọ́ lára rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àwọn tó kù ti padà. Àwọn tí kò gbé nǹkan kan sórí sáìtì wọn láti ọdún mẹ́ta, a dá òfìfo wọn padà fún wọn, kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Oníbàárà kan ṣoṣo tó lo ohun tí a tà fún un, bí a ṣe tà á fún un, òun nìkan ni a ò ní nǹkan kan nípamọ́ fún.

Mo pè é lórí fóònù. Ó gbọ́ mi tán, ó ní àwọn àwòrán náà wà nílé, òun ṣì ní wọn nínú díìsìkì tòun. Ara mi fúyẹ́. Ó wá béèrè pé, "Àwọn ohun tí mo kọ sábẹ́ wọn ńkọ́?" Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ti ń kọ orúkọ ẹyẹ, ọjọ́ tó rí i, ibi tó wà, irú igi tó bà lé, ohun tó ń ṣe. Orí sáìtì ló ti ń kọ ọ́ tààrà. Kò ju MB mélòó kan lọ, ì bá má tiẹ̀ wúwo tó àwòrán kan. Ṣùgbọ́n abẹ́ àkáǹtì kan náà ló wà, ìlà tí mo kọ sì ti fo gbogbo rẹ̀.

"Ó dáa," ló sọ. "Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí." Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Ohun tó parí ètò àìlópin wa kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Owó ni. Àwọn oníbàárà tó ń sùn, tí a ti ń pè ní èrè, àwọn ni WordPress wọn ti gbó láìsí ẹni tó ń tún un ṣe. Àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì á wọlé sí ọ̀kan, wọ́n á fi rán ìmeèlì ẹ̀tàn káàkiri, Spamhaus, àjọ tó ń ṣọ́ irú ìmeèlì bẹ́ẹ̀, á kọ àdírẹ́sì IP wa, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ sáfà wa, sínú ìwé dúdú, gbogbo àwọn tí a jọ ń lo àdírẹ́sì náà ò sì ní rí ìmeèlì fi ránṣẹ́ mọ́. Ìyẹn la ṣì ń fara dà. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹfà ọdún 2019, cPanel, tí àwa àti ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wa fi ń darí àkáǹtì, kéde pé òun ò ní máa gba owó lórí sáfà mọ́, iye àkáǹtì ni òun á máa kà. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹni tó ń sùn ti ń náni lówó bíi ẹni tó jí. Gbogbo ìṣirò wa dúró lórí pé ẹni tí kò lò ó ló ń sanwó fún ẹni tó ń lò ó. Ìpìlẹ̀ yẹn yẹ̀.

A dá nọ́ńbà padà síbẹ̀, a sì kọ ti inode àti ti RAM sí i, àti iye GB tí a máa ń ṣe backup rẹ̀. Ọjà wálẹ̀, kò sì tíì padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Títí di òní, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń kàn sí wa ni pé ṣé kò lópin. Tí mo bá ní ó lópin, ọ̀pọ̀ wọn kì í fèsì mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ ti kó lọ nígbà náà. Èmi ni mo bá a gbé àwọn àwòrán náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ṣe báyìí, àwọn tó kọ 500 GB gbọnrangandan sójú ìwé wọn. Mo yọjú wo sáìtì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ẹyẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n mọ́ kedere, èèyàn lè sún mọ́ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń tún ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn kọ láti inú ìrántí, díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Abẹ́ àwọn kan kún. Abẹ́ àwọn míì, orúkọ ẹyẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ ẹyẹ kékeré kan tó dúró sórí wáyà, ó kọ ọ́ pé, "Mi ò rántí ibi tí mo ti rí èyí mọ́."